Ìdí tí mo fi ń kó orin Ẹ̀fẹ̀ kúrò ní sáìtì tó wà tẹ́lẹ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi ní Kétu, ní Pọ́bẹ̀, ní Sàkété, ní Àjàṣẹ́, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lódìkejì bodè ní Ìlárá àti Ìmẹ̀kọ. Tẹ́ ẹ bá tẹ líǹkì orin kan lọ́dọ̀ mi láìpẹ́ yìí tó ń sọ fún yín pé fáìlì ò sí mọ́, ẹ má dààmú, fóònù yín ò bàjẹ́. Mò ń kó ẹrù ni. Gbogbo ohùn tí mo ti gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì látọdún yìí wá ni mò ń kó lọ síbòmíràn, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìdí ẹ̀, torí mo mọ̀ pé nínú yín náà, àwọn kan ní káàsẹ́ẹ̀tì bàbá wọn nínú àpótí, wọ́n sì ń ronú ibi tí wọ́n máa gbé e sí.

Òfin kan ṣoṣo ló fà á. Sáìtì tí mò ń lò tẹ́lẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, kò gba séfà kan lọ́wọ́ mi rí, àmọ́ fáìlì tẹ́nikẹ́ni ò bá dáúnlóòdù fún ìwọ̀n àkókò kan, wọ́n á pa á rẹ́, wọn ò ní kọ̀wé sí ẹ, wọn ò ní bi ẹ́. Irú òfin bẹ́ẹ̀ pọ̀ níta. Zippyshare tí gbogbo àwọn tó ń pín orin lò láti 2006 títí tó fi kógbá sílé níparí oṣù kẹta 2023, ọgbọ̀n ọjọ́ ni tiwọn, tí ọgbọ̀n ọjọ́ bá kọjá tí ẹnì kankan ò fọwọ́ kan fáìlì yẹn, ó ti lọ nìyẹn.

Fún ẹni tó ń pín orin tuntun, òfin yẹn ò burú. Orin tó jáde lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀sẹ̀ yìí náà ni gbogbo ayé máa wá a, tó bá fi máa di oṣù mẹ́ta wọ́n ti gbà á tán, òmíràn ti dé. Àmọ́ ẹ wo irú orin tí èmi ń tọ́jú. Orin Ẹ̀fẹ̀ ni, orin tí wọ́n ń kọ lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ijó agọ̀ tá a fi ń bọlá fún àwọn ìyá wa, àwọn àgbà obìnrin alágbára, tí wọ́n fi rédíò oníkáàsẹ́ẹ̀tì gbà sílẹ̀ lójú agbo láyé ìgbà tí bàbá wa ṣì lágbára. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í jáde lójoojúmọ́. Lẹ́yìn ìkórè ló ń jáde, tàbí tí nǹkan ńlá kan bá ṣẹlẹ̀ nílùú, tàbí tí ọ̀dá bá dá, tí àrùn bá wọ̀lú, tó di dandan ká bẹ àwọn ìyá wa. Ta ló máa wá orin Ẹ̀fẹ̀ láàárín òjò tí gbogbo èèyàn wà lóko? Kò sẹ́ni tó máa wá a. Á wà níbẹ̀, jẹ́jẹ́, oṣù kan, oṣù méjì, oṣù mẹ́rin. Ìgbà tí àsìkò bá wá tó tí àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mú ohùn orin, tí ẹnì kan nínú wọn rántí pé bàbá bàbá òun náà kọ Ẹ̀fẹ̀ rí, tó wá tẹ líǹkì, ìgbà yẹn gan-an ló máa rí i pé wọ́n ti pa á rẹ́. Sáìtì náà wo fáìlì yẹn, ó ní kò wúlò fẹ́nikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni iṣẹ́ rẹ̀.

UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ́dún 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún tó jẹ́ ti gbogbo ayé, ní 2008 wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àkójọ wọn, Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò ló jọ ni ín. Inú mi dùn sí i, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ìwé àkójọ ò tọ́jú ohùn ẹni tó ti kú. Káàsẹ́ẹ̀tì ló tọ́jú ẹ̀, káàsẹ́ẹ̀tì náà sì ti ń rà.

Ẹ jẹ́ n sọ díẹ̀ nípa àwọn sáìtì tó ti lọ, káwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Megaupload, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kìíní 2012 ni ìjọba Amẹ́ríkà tì í pa lójijì, wọ́n mú Kim Dotcom tó dá a sílẹ̀ ní New Zealand, wọ́n ní orin àti fíìmù olówó ni wọ́n ń pín níbẹ̀, ó lè rí bẹ́ẹ̀ o, àmọ́ àwọn tó kó fáìlì tara wọn síbẹ̀, fọ́tò ìgbéyàwó, ìwé iṣẹ́, ohùn àwọn òbí wọn, ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n tì mọ́ gbogbo wọn. RapidShare tẹ̀ lé e ní oṣù kẹta 2015. Dropbox ní fódà kan nígbà kan tí èèyàn lè fi fáìlì sí kó sì di líǹkì tí gbogbo ayé lè ṣí, wọ́n fagi lé e ní 2017, sáìtì ṣì wà o, àwọn líǹkì yẹn ló kú. Èyí tó dùn mí jù ni ti Myspace. Ní 2019 ni wọ́n jẹ́wọ́ pé orin tí àwọn olórin gbé sọ́dọ̀ àwọn láàárín 2003 sí 2015 ti sọnù, ìròyìn sọ pé ó lé ní mílíọ̀nù 50 orin, ìgbà tí wọ́n ń kó ẹrù láti inú sáfà kan (kọ̀ǹpútà ńlá tó ń tọ́jú fáìlì) bọ́ sí òmíràn ló sọnù. Nígbà tí mo kà á ara mi bù máṣọ. Ilé iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀, ìkóẹrù ló pa á.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń kánjú pẹ̀lú tèmi. Fáìlì kọ̀ọ̀kan tí mo bá kó, mo máa ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣírò MD5 ẹ̀ kó tó kúrò àti lẹ́yìn tó bá dé, àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà gígùn kan ni, tí méjèèjì bá bára mu, fáìlì dé láìdín láìlé, tí wọn ò bá bára mu, ọ̀nà ti jẹ díẹ̀ nínú ẹ̀, mo máa tún un ṣe. Pẹ̀lú kónẹ́síọ̀n tiwa níbí tó máa ń já láàárín iṣẹ́, èèyàn ò gbọ́dọ̀ gba «ó ti parí» tí sáìtì bá kọ sójú gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Nǹkan kejì tó lé mi kúrò ni ìpolówó. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ tẹ líǹkì, ojú ìwé kan ṣí tó ní bọ́tìnì mẹ́ta tí gbogbo wọn kọ Télécharger, ìyẹn dáúnlóòdù, ọ̀kan péré ló jẹ́ òótọ́, àwọn tó kù á gbé yín lọ síbi tẹ́tẹ́ àti síbi tí wọ́n ti ń sọ pé fóònù yín ti kó àrùn. Ẹ dúró kí ó ka ìṣẹ́jú àáyá, ẹ kọ lẹ́tà wíwọ́ tó wà nínú àwòrán, fèrèsé mìíràn tún já lu ojú, gbogbo ìyẹn ń jẹ mégà yín kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Mégà ò sì kéré lójú wa níbí. Àbí ẹ ti gbàgbé 2018, tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ní ká máa san séfà 5 lórí mégà kọ̀ọ̀kan tá a bá fi wọ Facebook, WhatsApp àti irú wọn, táwọn èèyàn fi gbé ariwo sókè títí wọ́n fi fagi lé e ní oṣù kẹsàn-án? Ìyá kan tó ń ta gàrí lọ́jà tó fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó ti dolóògbé, mi ò fẹ́ kó fi forfait ẹ̀, mégà tó fowó rà, wo ìpolówó tẹ́tẹ́. Ó ń bí mi nínú gan-an.

Bí sáìtì ọ̀fẹ́ ṣe ń jẹun náà nìyẹn ṣá. Ẹni tó ń polówó ló ń san owó ilé, ìwọ tó o kó ẹrù síbẹ̀ kọ́. Fáìlì tí wọ́n ń ṣí lójoojúmọ́ ń mú owó wọlé, èyí tó jókòó jẹ́jẹ́ títí dìgbà ìkórè kò mú nǹkan wá, kí ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe?

Mo yẹ ọ̀pọ̀ ibi wò kí n tó pinnu. Google Drive ń fúnni ní gígà 15, àmọ́ lẹ́tà Gmail àti fọ́tò wà nínú ẹ̀ náà, àkáǹtì tí wọn ò bá sì lò fún ọdún méjì, wọ́n lè pa á rẹ́, mo wá ń rò ó pé tí mo bá kú ńkọ́? Ìbéèrè yẹn gan-an ló yẹ kéèyàn bi ara ẹ̀. MEGA ń fúnni ní gígà 20, ó dáa fún ìpamọ́, àmọ́ kọ́kọ́rọ́ ṣíṣí fáìlì wà nínú líǹkì fúnra ẹ̀, tí ẹnì kan bá dà á kọ lórí WhatsApp tí apá kan já, kò ní ṣí mọ́, àwọn àgbà wa á kàn ní orin náà ò sí. MediaFire ti wà láti 2006, gígà 10 lọ̀fẹ́, ìpolówó tún wà níbẹ̀. YouTube ni gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n lò, mi ò jiyàn, àmọ́ fídíò ló fẹ́, kò sì sí àyè láti dáúnlóòdù fáìlì tó kún bó ṣe jáde látinú káàsẹ́ẹ̀tì.

Ibi tí mò ń kó wọn lọ ni Internet Archive, archive.org. Brewster Kahle ló dá a sílẹ̀ ní 1996 ní San Francisco, kì í ṣe ilé ìṣòwò, ilé ìkówèésí ni, kò sí ìpolówó níbẹ̀, wọn ò sì ka ẹni tó ṣí fáìlì àti ẹni tí kò ṣí i láti fi mọ èyí tí wọ́n máa parẹ́. Tí mo bá gbé FLAC, irú fáìlì orin tó kún, síbẹ̀, àwọn fúnra wọn á ṣe MP3 kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹni tó ní mégà díẹ̀ á gbọ́ èyí tó fúyẹ́, ẹni tó ń ṣe ìwádìí á mú èyí tó kún. Àyè sì wà láti kọ àlàyé sílẹ̀: ta ló kọrin, ta ló lù, agboolé wo, ọdún wo, ta ló gbà á sílẹ̀, ta ló ni káàsẹ́ẹ̀tì. Lójú tèmi àlàyé yẹn tó orin náà fúnra ẹ̀. Orin tí a ò mọ ẹni tó kọ ọ́, ọmọ ẹni náà lè gbọ́ ọ kó kọjá lọ láìmọ̀ pé bàbá òun ni.

Ṣé archive.org náà ò ní ìṣòro ni? Ó ní. Oṣù kẹwàá 2024 àwọn kan jà á lólè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n kó ìsọfúnni àkáǹtì tó lé ní mílíọ̀nù 30, gbogbo sáìtì wọlẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó tó padà díẹ̀díẹ̀. Ṣáájú ìyẹn ní 2023, àwọn ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ńlá pè é lẹ́jọ́ lórí àwo àtijọ́. Nítorí náà òun nìkan kọ́ ni mo gbójú lé. Háàdì dísìkì kan wà lọ́dọ̀ mi ní Kétu, èkejì wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Àjàṣẹ́, tí iná bá jó ibí, kò lè jó ọ̀hún. Ibi mẹ́ta, ó kéré tán, ìlú méjì. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú tiyín, kódà tó bá jẹ́ káàdì fóònù kékeré lẹ ní.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti wá jinlẹ̀ nìyí. Kí n tó gbé ohunkóhun lọ síbi tó máa pẹ́ bẹ́ẹ̀, mo ní láti padà lọ bá àwọn tó ni ohùn náà, torí àṣẹ tí wọ́n fún mi tẹ́lẹ̀, ti sáìtì àkọ́kọ́ ni. Mo lọ bá bàbá tó ni èyí tó pọ̀ jù nínú káàsẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí. Mo ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n ní, «Ọmọ mi, níbi tuntun yìí, tí mo bá ní kí wọ́n yọ ọ́, ṣé wọ́n á yọ ọ́?» Mo ní, «Bàbá, tẹ́ ẹ bá ti sọ, màá ní kí wọ́n yọ ọ́, àmọ́ ẹni tó bá ti gbà á sílẹ̀ ṣáájú, a ò lè lọ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.» Wọ́n dákẹ́. Wọ́n wá ní, «Ó dáa, gbé e wá, ká jọ gbọ́ ọ ná.»

Bá a ṣe jókòó tì í nìyẹn, káàsẹ́ẹ̀tì kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ẹ̀fẹ̀ mọ̀ pé ẹni tó bá gbé ẹ̀kú Ẹ̀fẹ̀ lóru yẹn, kò bẹ̀rù ẹnì kankan, ó lè bú ọba, ó lè bú olè, ó lè dárúkọ ẹni tó gba ilẹ̀ ọmọ aláìníbaba, àwọn ìyá wa ló wà lẹ́yìn ẹ̀. A gbọ́ orin kan tó dárúkọ ọkùnrin kan báyìí, ó dárúkọ agboolé ẹ̀, ó sọ ohun tó ṣe. Ohùn yẹn dùn, ìlù ẹ̀ pé, ọ̀kan lára èyí tó mọ́ jù ni. Bàbá ní kí n dá a dúró. Wọ́n ní àwọn ọmọ ọmọ ọkùnrin náà wà níbí, ọ̀kan nínú wọn ló bá àwọn tún òrùlé ṣe. «Ẹ̀fẹ̀ sọ ọ́ lóru ọjọ́ náà, ó tán síbẹ̀. Àwọn ọmọ yìí ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.»

Mo fara mọ́ ọn pátápátá. Orin yẹn wà lórí háàdì dísìkì, kò ní í dé íntánẹ́ẹ̀tì títí àwọn ẹbí méjèèjì á fi sọ pé ó yá. Mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ rí ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀, torí ẹnì kan sọ fún mi pé ṣebí sáìtì tó ń pa fáìlì rẹ́ gan-an ló dáa nígbà náà. Rárá o. Nǹkan wà tó yẹ ká jẹ́ kó lọ, kò sí àní-àní, àmọ́ àwọn tó ni ín ló yẹ kó pinnu, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n gbọ́ ọ, kí wọ́n sọ pé èyí máa dúró, èyí máa lọ. Sáìtì tó ń ka ọjọ́ kò gbọ́ orin kankan. Ó máa pa oríkì àti ìbà rẹ́ bákan náà bó ṣe máa pa èébú rẹ́.

Àwọn orin kan sì wà tí mi ò gbé síbì kankan rí, mi ò sì ní gbé e. Orin àwọn ẹgbẹ́ tó ṣe àwo, Poly-Rythmo ti Kútọnu, Les Sympathics ti Àjàṣẹ́, Sagbohan Danialou tí gbogbo wa ń pè ní homme-orchestre, ẹni tó ń dá gbogbo ohun èlò orin lù, mo máa ń kọ nípa wọn, mo fẹ́ràn wọn dé ọ̀run, àmọ́ iṣẹ́ olówó ni iṣẹ́ wọn, BUBEDRA, ọ́fíìsì tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ àwọn olórin àti òǹkọ̀wé ní Bẹ̀nẹ̀, wà fún ìyẹn, ilé iṣẹ́ bíi Analog Africa ní Jámánì sì ti tún púpọ̀ nínú àwo àtijọ́ wa tẹ̀, ẹ lè rà á. Líǹkì ibi tẹ́ ẹ ti lè rà á ni màá máa fi síbẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ọ̀fẹ́ wọn lọ́dọ̀ mi kò ní rí i.

Fún àwọn tó fẹ́ mọ bí mo ṣe ń ṣe é: wáyà kan láti ihò ẹ̀rọ́fóònù rédíò oníkáàsẹ́ẹ̀tì sínú kọ̀ǹpútà, Audacity, ètò orí kọ̀ǹpútà kan, ló ń gbà á sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kọ́kọ́ fi ọtí ilé ìwòsàn díẹ̀ nu orí tó ń ka káàsẹ́ẹ̀tì. WAV, irú fáìlì tí wọn ò fún pọ̀ rárá, máa ń jẹ bíi mégà 10 níṣẹ̀ẹ́jú kan, káàsẹ́ẹ̀tì wákàtí kan á tó mégà 600 àti díẹ̀, FLAC á dín in kù sí bí ìdajì láìpàdánù nǹkan kan, MP3 kékeré á sọ ọ́ di nǹkan bíi mégà 60 àmọ́ ṣaworo ẹsẹ̀ á di ariwo lásán, ẹ ò ní gbọ́ ìgbésẹ̀ ẹsẹ̀ oníjó mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ yẹn ń bá ìlù sọ̀rọ̀ ni. FLAC ni kẹ́ ẹ máa fi pamọ́. Òmíràn tún ni bátìrì: tí bátìrì rédíò bá ti ń kú nígbà tí wọ́n ń gbà á sílẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi rédíò tó dáa gbọ́ ọ lónìí, á máa sáré, ohùn bàbá àgbàlagbà á dún tín-ín-rín. Ẹ má gbé e síta bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ ohùn olórin náà jókòó tì yín, kẹ́ ẹ máa dín eré ẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀ títí ẹni náà á fi sọ pé «òun nìyẹn».

Nípa líǹkì, mi ò ní fi ti archive.org síwájú yín tààrà. Líǹkì tó ní orúkọ tèmi ni màá máa fún yín, òun ló máa darí yín síbi tí fáìlì bá wà lọ́jọ́ náà, gẹ́gẹ́ bí àlejò ayé àtijọ́ ṣe ń gba Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnubodè ìlú, wọ Kétu, agboolé yòówù kó máa lọ. Tí mo bá tún kó ẹrù lọ́la, ojú kan ṣoṣo ni màá ti yí i, líǹkì tẹ́ ẹ ti fi ránṣẹ́ sí ẹbí yín ní Ìbàdàn tàbí ní Paris ò ní kú. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀, kó ṣe èyí látilẹ̀, ó rọrùn ju kéèyàn máa yí líǹkì níkọ̀ọ̀kan nínú gbogbo ohun tó ti kọ.

Èyí tó ti dé ibi tuntun báyìí ni gbogbo káàsẹ́ẹ̀tì Kétu tí bàbá ti fọwọ́ sí, àti díẹ̀ nínú ti Sàkété. Ti Pọ́bẹ̀ ṣì kù, òru ni mò ń gbé wọn lọ torí òru ni kónẹ́síọ̀n ń dúró. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi wá olórin kan tó wà nínú ọ̀kan nínú wọn: káàsẹ́ẹ̀tì Pọ́bẹ̀ tí wọ́n fi bírò pupa kọ nǹkan sí lára, ojú kejì ẹ̀. Olórin àkọ́kọ́, a mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn tó ti júbà tán, ẹlòmíràn gba orin lẹ́nu ẹ̀, ohùn ẹ̀ nípọn, ó máa ń fa ìparí ọ̀rọ̀, ó sì ń pe ara ẹ̀ ní ọmọ alágbẹ̀dẹ. Kò sẹ́ni tó tíì lè sọ orúkọ ẹ̀ fún mi. Ẹ sọ bí ohùn ẹ̀ ṣe rí fún àwọn àgbà ilé yín, tí ẹnikẹ́ni bá mọ̀ ọ́n, ẹ kọ̀wé sí mi, n ò ní gbé e síta kí n tó rí ẹbí ẹ̀.